Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru: Ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣeré etí òkun

Bí ọdún Àjíǹde bá ti dé báyìí, kò sí àwáwí tí mo lè ṣe, àwọn ará ilé mi máa ní kí n gbé wọn lọ sétí òkun lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó náà kúkú mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń dà bíi pé gbogbo ìlú ló pàdé síbẹ̀. Súyà ń ta sánsán, àwọn ẹlẹ́ṣin ń pe oníbàárà, orin ń dún lọ́tùn-ún, òmíràn ń dún lósì, àwọn ọmọdé ń sá fún omi, omi ń lé wọn. Èèyàn á kàn jókòó sábẹ́ agboòrùn, á mu nǹkan tútù, á gbàgbé pé ìlú le.

Lọ́dún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, apá Lẹ́kí la gbà lọ. Nígbà tá a débẹ̀, a rí i pé àwọn kan ti kó ẹ̀rọ ìṣeré wá sórí iyanrìn. Kẹ̀kẹ́ gìrìwò kan wà tó ń gbé èèyàn yípo lọ sókè, ẹṣin onírin tó ń pòòyì wà, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so rọ̀ sáàárín irin, tó ń fì síwá fì sẹ́yìn, náà wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé aláfẹ́fẹ́ ńlá, pupa àti yẹ́lò, èyí táwọn ọmọ wa ń pè ní bouncing castle, dúró bí ààfin ọba. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, rí i lókèèrè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo san ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn apẹja kan ń fa ọkọ̀ wọn gòkè kúrò létí omi. Mo rí wọn, àmọ́ mi ò kà á sí.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ yí padà. Láti àárọ̀ ló ti ń fẹ́ láti ojú òkun bọ̀ sórí ilẹ̀, ó tutù, ó dùn mọ́ ara, àwọn àsíá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri sì kọjú sí ọ̀nà ilé. Ṣàdédé ni gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Àwọn àsíá sorí kọ́. Ìgbà tí màá bojú wẹ̀yìn, ojú ọ̀run lápá ìlà oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kí n tó pe ìyàwó mi, atẹ́gùn ti dé. Ó gbá agboòrùn lọ, ó da iyanrìn sí wa lójú, gbogbo wa ń fọwọ́ bojú. Ìgbà tí mo lajú, etí kan ilé aláfẹ́fẹ́ náà ti gbéra kúrò nílẹ̀ bí ìgbà téèyàn ká etí ẹní. Irin kékeré tí wọ́n fi kan okùn rẹ̀ mọ́ iyanrìn ti fà yọ bí eyín ọmọdé tó ti ń mì tẹ́lẹ̀.

Mo pariwo, mo sáré. Ọmọkùnrin tó ń gbowó níbẹ̀, ọmọ tí kò lè ju ogún ọdún lọ, gbé ara lé etí tó gbéra náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Atẹ́gùn lásán ni. Ojoojúmọ́ la máa ń rí i." Mi ò dá a lóhùn. Mo fa ọmọ mi jáde, àwọn òbí yòókù náà ń fa tiwọn. Ọmọ tó jáde kẹ́yìn ò tí ì wọ bàtà tán tí ilé náà fi dìde dúró lórí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí gbirigbiri, ó lọ há sára ọgbà kan tí wọ́n fi ọ̀pá ṣe. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tó dùn mí jù o. Òjò rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ó dá. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti wọ́ ilé aláfẹ́fẹ́ yẹn padà sí àyè rẹ̀, wọ́n ti fẹ́ ẹ, wọ́n ti kan irin yẹn kan náà padà sínú iyanrìn yẹn kan náà, àwọn ọmọ sì ti tún tò láti wọlé. Owó tún ń wọlé. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé.

Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ohun tí atẹ́gùn ọjọ́ yẹn fi hàn mí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé aláfẹ́fẹ́ nìkan, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá kan ṣoṣo. Gbogbo ẹ̀rọ tá a bá gbé sétí òkun, tá a ní kí ọmọ èèyàn gùn ún, ọ̀tá mẹ́ta ló ń bá a jà: afẹ́fẹ́, iyanrìn àti iyọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, kó má dá irú okòwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Kí n tó máa bá ẹlòmíì wí, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, mo lọ kí àbúrò mi kan tó ń gbé Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé èmi àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Blackpool, ìlú etí òkun táwọn ará ibẹ̀ mọ̀ bí ẹní mowó. Ọgbà ìṣeré tó wà níbẹ̀, Blackpool Pleasure Beach, ti wà láti ọdún 1896, orí òkìtì iyanrìn etí òkun ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Big One. Ọkọ̀ gbọọrọ ni, ó ń sáré lórí irin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 213, ìyẹn mítà 65, bí ilé alájà ogún. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1994, kò sí irú ẹ̀ tó ga tó o láyé. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, torí ẹ̀ ni mo ṣe wọ mọ́tò.

A débẹ̀, wọ́n ti tì í pa. Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní afẹ́fẹ́ òkè ti pọ̀ jù. Mo wojú ọ̀run, oòrùn ń ràn. Mo wo ara mi, ìwọ̀nba atẹ́gùn ló ń fẹ́ aṣọ mi. Inú bí mi. Mo ní, "Àwọn òyìnbó yìí mà lójo o. Ṣé atẹ́gùn yìí náà ni wọ́n ń sá fún?" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ó dáa tí ọmọbìnrin náà ò gbọ́. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, níbí o, tí wọ́n bá ti ní afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó di ọjọ́ mìíì." Ìbínú ni mo fi jẹ ẹja àti pòtétò díndín lọ́jọ́ náà. Àfi ìgbà tí atẹ́gùn gbé ilé aláfẹ́fẹ́ lójú mi ní Lẹ́kí ni mo tó mọ̀ pé oore ni ọmọbìnrin yẹn ṣe mí.

Nínú ọgbà yẹn kan náà, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1904. Wọ́n so ọkọ̀ kéékèèké rọ̀ mọ́ òpó irin gíga kan tó ń yí, wọn a máa fò yí ká bí àṣá. Hiram Maxim ló ṣe é. Orúkọ yẹn ò lè ṣàjèjì sáwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, òun náà ló ṣe ìbọn Maxim táwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá wọn jà ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892. Ẹni tó ṣe ohun tó ń pa èèyàn ló tún ṣe ohun tó ń dá èèyàn lára yá. Irin ò mọ ìyàtọ̀, ẹni tó ń darí ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọ̀tá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ lẹni àkọ́kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ máa ń yára pọ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Tí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí eré náà bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dúró digbí ní aago mẹ́ta fi lè fò lọ ní aago mẹ́rin, táá sì ya ẹni tó ni ín lẹ́nu. Yàtọ̀ síyẹn, bá a bá ṣe ń gòkè sí i lafẹ́fẹ́ ń le sí i. Ilẹ̀ lèmi dúró sí ní Blackpool tí mò ń sọ̀sọkúsọ, òkè mítà 65 lọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ orí irin yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e sáré. Rárá o. Ṣéènì ló máa ń fà á gun òkè àkọ́kọ́. Tó bá ti débẹ̀, ṣéènì á jù ú sílẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ni yóò fi sáré dé ìparí, bí ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láìtẹ pẹ́dàlì. Tí afẹ́fẹ́ líle bá wá kọjú sí i, ó lè dín eré rẹ̀ kù débi tí kò fi ní lè gun òkè tó kàn. Á rọra padà sẹ́yìn, á dúró sí kòtò láàárín òkè méjì, tòun tèrò inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lafẹ́fẹ́ ti ń tì í, eré rẹ̀ lè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti kẹ̀kẹ́ gìrìwò náà ò yàtọ̀: àwọn àga rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ẹ̀gbẹ́ kan kẹ̀kẹ́ á máa wúwo ju èkejì lọ. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí lẹni tó ṣe wọ́n ti kọ iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè gbà sínú ìwé tó bá wọn wá. Ẹni tó rà wọ́n ló yẹ kó ka ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ilé aláfẹ́fẹ́, torí òun ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé tí eré afẹ́fẹ́ bá ti ju kìlómítà 38 ní wákàtí kan lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́lẹ̀ lójú ibi mẹ́fà. Irin tí wọ́n máa kàn mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mílímítà 380, ìyẹn ju rúlà àwọn ọmọ iléèwé lọ. Tó bá sì jẹ́ ibi tí irin ò ti lè di ilẹ̀ mú ni, ohun tó wúwo tó kìlógíráàmù 163 ni wọ́n máa so mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ojú kan ṣoṣo gba ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Tá a bá ní ká so ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kù díẹ̀ kó pé ogún àpò. Ohun tí mo fojú mi rí ní Lẹ́kí ni irin tíntìnтín mẹ́rin, àti àpò ìrẹsì méjì tí wọ́n bu iyanrìn sí, èyí tí ọmọkùnrin yẹn ń fọwọ́ kan gbé. Iyanrìn gbígbẹ kì í sì í di irin mú. Ẹ lọ fìka gún un wò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ibo la ti fẹ́ rí ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́. Ó wà lọ́jà, kò sì tóbi ju fóònù lọ. Àmọ́ kódà láìsí i, Ọlọ́run ti fún wa ní ojú. Tí eruku àti bébà bá ti ń fò kiri, afẹ́fẹ́ ti ń sún mọ́ ìwọ̀n tí mo sọ yẹn. Tí àwọn igi kéékèèké tó léwé bá ti ń mì látòkèdélẹ̀, ó ti dé e. Ẹ kó ọmọ jáde.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Lọ́jọ́ Sátidé ọdún Àjíǹde lọ́dún 2016, nílùú Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí kò tiẹ̀ sún mọ́ òkun, atẹ́gùn fa irú ilé aláfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tu, ó sì gbé e lọ sí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje ló wà nínú ẹ̀. Ó kú. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ rán àwọn méjì tó ni ín lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Kì í ṣe ẹ̀sùn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò so ó dáadáa, wọn ò sì ṣọ́ ojú ọjọ́. Ohun méjèèjì yìí náà ni ohun tí mo rí ní Lẹ́kí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì, kí àwọn òbí tó sáré dé ibẹ̀, lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, afẹ́fẹ́ ní àṣà tó yẹ ká mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun wá máa ń le jù lọ́wọ́ ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn gan-an lèrò sì máa ń pọ̀ jù. Èyí tó léwu jùyẹn lọ ni ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò. Apá ìlà oòrùn ló ti máa ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé òkun ni gbogbo wa kọjú sí. Ẹ̀yìn ló ti ń bá èèyàn. Ọdún Àjíǹde sì máa ń bọ́ sí àsìkò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀tá kejì ni iyanrìn. Ó dà bí ohun tí kò lè ṣèèyàn ní nǹkan kan, àbí? Àwọn ọmọ ń fi í kọ́lé, àgbà ń dùbúlẹ̀ lé e. Àmọ́ òkúta wínníwínní ni, èyí tó pọ̀ jù nínú iyanrìn etí òkun wa ló sì jẹ́ òkúta quartz, tó le ju irin tí wẹ́dà ń jó pọ̀ lọ. Ẹ rántí sánpépà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń da iyanrìn lu ara irin látàárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ sánpépà ló ń ṣe. Díẹ̀díẹ̀, ó ń ha ọ̀dà kúrò.

Ibi tó burú sí ni pé iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kì í ga lọ títí. Ńṣe ló ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ga ju orúnkún lọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni mọ́tọ̀ ẹ̀rọ wà, ibẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì wà, ibẹ̀ ni bíárìn ìsàlẹ̀ wà. Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí iyanrìn bá wọ bíárìn. Gíríìsì tó yẹ kó jẹ́ kí irin máa yọ̀ lára ara wọn á gbá iyanrìn mú, á wá di ohun tó ń lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà á ṣì máa yí o. Á yí lónìí, á yí lọ́la, á kàn máa ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ gìrìwò ọjọ́ yẹn ń ké. Èmi rò pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ké ń sọ̀rọ̀ ni, àwa la ò gbọ́ èdè ẹ̀.

Ẹsẹ̀ wa náà ń bá afẹ́fẹ́ kó iyanrìn wọlé. Ọmọ á jáde nínú omi, ara ẹ̀ á kún fún iyanrìn, á fò sórí àga ẹ̀rọ, á fi bẹ́líìtì dè. Iyanrìn tó ń já bọ́ lára ẹ̀ á lọ jókòó sínú ihò tí bẹ́líìtì ti ń há. Lọ́jọ́ kan, ẹ máa gbọ́ tó dún "ká", ẹ máa rò pé ó ti há. Kò há. Garawa omi kan àti búrọ́ọ̀ṣì kan lẹ́nu ọ̀nà lè gba ọmọ kan là.

Ẹnì kẹta nínú wọn ni iyọ̀, òun ni kì í pariwo rárá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń gbé Àjáh tàbí Lẹ́kí, tílé rẹ̀ sún mọ́ omi. Wọ́n á sọ fún yín bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń jẹ lára, bí irin ojú fèrèsé ṣe ń ṣí bí èèpo igi, bí páànù tuntun ṣe ń pupa kó tó pé ọdún mélòó kan. Nígbà tí ìgbì bá fọ́, omi á tú ká lẹ́búlẹ́bú sínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá bá pàdé. Iyọ̀ ní tiẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ wo iyọ̀ tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ nílé ìdáná lásìkò òjò. Torí náà, kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, irin etí òkun máa ń tutù lábẹ́lẹ̀, ó sì ń dípẹtà.

Ibi tí iyanrìn bá ti ha ọ̀dà kúrò ni iyọ̀ máa ń gbà wọlé. Ẹ ò rí i pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni? Ìpẹtà sì máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, á máa ti ọ̀dà yòókù sókè, á máa há nọ́ọ̀tì mọ́ra débi tí sípánà ò ní lè tú u. Èyí tó ń já mi láyà jù ni páìpù tó ṣófo nínú. Òde rẹ̀ á máa dán, wọ́n á sì ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún nítorí ọdún, àmọ́ inú rẹ̀ ti jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, tí gbogbo wa sì ń yìn pé ó dáa. Ọ̀nà àbáyọ ò ju pé kí wọ́n lo irin tí wọ́n ti fi síǹkì bò dáadáa, kí wọ́n máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ẹ̀rọ lóòrèkóòrè, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì máa fi òòlù kékeré kan ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀, kó gbọ́ ohùn ẹ̀. Irin tó gbó máa ń dún yàtọ̀.

Lábẹ́ gbogbo èyí, ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró lé náà ò dúró. Àwa ará Èkó ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òkun ń jẹ ilẹ̀. Láti ìgbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi òkúta ṣe ògiri sẹ́nu ọ̀nà èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ni iyanrìn ò ti rọ́nà kọjá sí Bar Beach mọ́, tí òkun sì ń jẹ ibẹ̀ wọlé, títí dìgbà tí wọ́n fi kó iyanrìn dí i láti fi ṣe Eko Atlantic. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà náà, ní Seaside Heights, ìpínlẹ̀ New Jersey, ọkọ̀ orí irin kan wà tó ń jẹ́ Star Jet, orí afárá onígi tó yọ sójú òkun ni wọ́n kọ́ ọ lé. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìjì Sandy gbé apá kan afárá náà lọ, Star Jet sì bọ́ sínú òkun, ó dúró lódidi sáàárín omi bí egungun ẹja ńlá. Ibẹ̀ ló wà títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2013 kí wọ́n tó gé e kúrò. Kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀ nígbà tó bọ́, torí wọ́n ti kó àwọn èèyàn kúrò kí ìjì tó dé.

Ẹ ò rí i pé ibì kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń darí sí. Ní Blackpool àti ní Seaside Heights, kì í ṣe pé irin wọn ò lè bà jẹ́, tàbí pé òkun wọn tutù ju tiwa lọ. Ohun tí wọ́n ní ni ẹnì kan tó láyà láti sọ pé "ó tó, ẹ ti ibẹ̀ pa," tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yí i lérò padà.

Èyí ló mú mi rántí ọmọkùnrin tó ń gbowó yẹn. Nígbà tí òjò ń rọ̀, abẹ́ àtíbàbà kan náà la jọ sá sí. Mo bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó ò ko àwọn ọmọ yẹn jáde nígbà tó o rí i tójú ọ̀run ṣú?" Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Dádì, iye ọmọ tó bá wọlé ni ọ̀gá fi ń san owó fún mi. Tí mo bá tì í, mi ò ní jẹun lálẹ́." Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Gbogbo ìbínú tí mo fẹ́ tú lé e lórí, mo gbé e mì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ máa san owó iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yín, yálà ẹ̀rọ yí tàbí kò yí. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ bá mọ̀ pé ebi máa pa òun lọ́jọ́ tóun bá tì í, kò ní tì í láéláé. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ẹ máa yẹ ojú ọjọ́ tí àjọ NiMet ń gbé jáde wò láràárọ̀. Ẹ dá owó padà fún òbí tó ti san, kí àìdáa má baà di ìjà.

Ẹ̀yin ìjọba, àti Lagos State Safety Commission tí iṣẹ́ ààbò wà lọ́wọ́ wọn, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ọdún tó dé ni kẹ́ ẹ bọ́ sétí òkun, pẹ̀lú wẹ́dà àti ẹnjiníà tó mọ irin, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn kéékèèké tí kò lórúkọ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Kí ló so ẹ̀rọ yìí mọ́lẹ̀? Ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Tí afẹ́fẹ́ bá dé, ta ló láṣẹ láti tì í? Tí wọn ò bá rí èsì fún yín, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì tì í mọ́ yín lójú, ẹ má ṣe bíi tèmi ní Blackpool. Ẹ má bú wọn. Ẹ dúpẹ́.

Àwọn apẹja tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, aago mẹ́ta ni wọ́n ti fa ọkọ̀ wọn gòkè, kí àsíá kankan tó sorí kọ́. Agbọ̀n wọn ò kún. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ojo, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dá owó padà. Wọ́n mọ ohun táwọn bàbá wọn sọ, pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Tí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ bá lè padà sílé nítorí afẹ́fẹ́, kí ló dé tí àwa tá a wá ṣeré ò lè dúró?